Ọpọlọ tó ń gbó àti ìtọ́jú jíìnì: ìbéèrè tí kì í tán lẹ́nu àwọn ènìyàn, àti ìdáhùn wọn

Ṣé gbogbo ẹni tó bá dàgbà ló máa ṣarán?

Rárá. Kí àgbàlagbà máa wá orúkọ ẹni tó mọ̀ dáadáa, kó wá rántí rẹ̀ nígbà tó bá délé, kì í ṣe àrùn. Ọpọlọ rẹ̀ kò sọ orúkọ náà nù, ó kàn ń pẹ́ kó tó rí i fà yọ ni. Ohun tó yẹ kó kọni lóminú ni kí ẹni tó ti ń ṣòwò láti kékeré má mọ bí wọ́n ṣe ń ka ṣéńjì mọ́, tàbí kó ṣìnà ní àdúgbò tó ti ń gbé láti ogún ọdún, tàbí kó bi yín ní ìbéèrè kan náà léraléra láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá láì mọ̀ pé òun ti bi yín.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé mílíọ̀nù 57 ènìyàn ló ní àrùn ìṣarán lágbàáyé ní 2021. Àrùn Alzheimer ló mú nǹkan bí 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Iye yẹn kì í ṣe kékeré, àmọ́ àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé títí dọjọ́ ikú ṣì pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an nínú ọpọlọ ẹni tó ń ṣarán?

Ní 1906, dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, gé ọpọlọ obìnrin kan tó kú lẹ́ni ọdún 55 ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó fi èròjà fàdákà pa á láró, ó sì gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Nǹkan méjì ló rí. Àkọ́kọ́ ni ìdọ̀tí tó dì gbagidi láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì. Èkejì ni fọ́nrán tó lọ́ mọ́ra wọn nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn. Lónìí a mọ̀ pé pùrótéènì kan tó ń jẹ́ amyloid-beta ni èyí tó dì síta yẹn, tau sì ni èyí tó lọ́ mọ́ra nínú.

Ìwà àwọn méjèèjì kò jọra. Amyloid lè ti máa dì nílẹ̀ fún ogún ọdún kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó fura. Ibi tí tau bá tàn dé ló máa ń bá bí ìgbàgbé ṣe le tó mu. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní àyíká hippocampus, apá ibi tí ọpọlọ ti ń tọ́jú ìrántí tuntun, ìdí nìyẹn tí aláìsàn fi lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà èwe rẹ̀ fínnífínní, síbẹ̀ tí kò ní mọ̀ bóyá òun ti jẹun láàárọ̀. Kí sẹ́ẹ̀lì tó kú, synapse ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́, ìyẹn ibi tí sẹ́ẹ̀lì kan ti ń fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí èkejì.

Àwọn àrùn yòókù náà ní pùrótéènì tiwọn. Ti Parkinson, àrùn tó ń mú ara gbọ̀n, ni alpha-synuclein, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè dopamine, èròjà tí ọpọlọ fi ń darí ìrìn ara, ló sì ń kú jù níbẹ̀. Ti Huntington, àrùn ọpọlọ tí a ń jogún, ni huntingtin. Ọ̀rọ̀ amyloid kò sì rọrùn tó bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́. Ìwádìí kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1986 tẹ̀ lé àwọn sista ìjọ Kátólíìkì 678 tí wọ́n gbà kí wọ́n yẹ ọpọlọ wọn wò lẹ́yìn ikú. Àwọn kan wà nínú wọn tí ìdọ̀tí yìí kún ọpọlọ wọn bámú, tí wọ́n sì ronú gaara títí tí wọ́n fi kú.

Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà ogbó ló máa ń ṣẹlẹ̀?

Sẹ́ẹ̀lì tó ń ronú nínú ọpọlọ tó bílíọ̀nù 86, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn la ti bá wáyé. Awọ ara ń bọ́, òmíràn ń rọ́pò rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó bá kú, ó kú náà nìyẹn. Iṣẹ́ wọn sì pọ̀. Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ òun nìkan ń jẹ nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí ara ń lò. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọgọ́rin ọdún láì sinmi kò lè ṣàì ní àbùkù: mitochondria tó ń pèsè agbára fún un ń rẹ̀, DNA rẹ̀, ìyẹn ìwé ìlànà iṣẹ́ rẹ̀, ń fàya, pùrótéènì tí kò ká bó ṣe yẹ sì ń kóra jọ sínú rẹ̀.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ìkólẹ̀ ló wà nídìí ọ̀pọ̀ rẹ̀. Bí ìlú tí àwọn akólẹ̀ rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ ṣe máa rí lẹ́yìn oṣù kan ni ọpọlọ arúgbó ṣe ń rí. Lysosome, tó yẹ kó máa lọ pàǹtírí sẹ́ẹ̀lì kúnná, ń lọ́ra. Microglia, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó máa gbá àyíká mọ́, ń gbó, wọ́n á pa iṣẹ́ tì, wọ́n á sì máa tú èròjà tó ń mú ara wú síta. Èyí kì í ṣe àfinúrò lásán. Ní 2013, àwọn olùwádìí rí i pé ẹni tó bá jogún irú jíìnì TREM2 kan tí kò pé ní ewu Alzheimer ju ẹlòmíràn lọ dáadáa. Microglia ló sì ń lo jíìnì TREM2 yìí nínú ọpọlọ.

Ṣé àrùn ìdílé ni?

Ní ti àwọn díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Jíìnì, ìyẹn apilẹ̀ àbùdá tí a jogún lọ́wọ́ òbí, mẹ́ta ló wà tó jẹ́ pé bí èyíkéyìí nínú wọn bá ní àléébù kan pàtó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé Alzheimer máa mú ẹni náà kó tó di arúgbó: APP, PSEN1 àti PSEN2. Àwọn tó wà nínú ipò yìí kò pé ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún aláìsàn Alzheimer. Orí kúrómósóòmù 21, ọ̀kan nínú àwọn okùn tí jíìnì wà lára wọn, ni APP wà, ìdí rèé tí àwọn tí a bí pẹ̀lú àìsàn Down, tí wọ́n ní kúrómósóòmù 21 mẹ́ta dípò méjì, fi sábà máa ń ní ìdọ̀tí amyloid kí wọ́n tó pé ogójì ọdún.

Agbo ilé ńlá kan wà ní ẹkùn Antioquia ní Kòlóńbíà tí àléébù PSEN1 ti ń jà láti ìran dé ìran, tí ìgbàgbé sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 44. Ní 2019, àwọn olùwádìí kọ̀wé nípa obìnrin kan nínú wọn tó jogún àléébù náà, àmọ́ tí kò gbàgbé nǹkan kan títí tó fi lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n rí i pé ó tún ní oríṣi jíìnì APOE kan tó ṣọ̀wọ́n, tí wọ́n ń pè ní Christchurch, láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá. Ọpọlọ rẹ̀ kún fún amyloid, tau rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Obìnrin kan ṣoṣo ni o, àmọ́ ọ̀pọ̀ yàrá ìwádìí ló ti ń wá bí wọ́n ṣe máa ṣe irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Mo gbọ́ pé APOE4 ló ń fa Alzheimer. Ṣé kí n lọ ṣàyẹ̀wò rẹ̀?

APOE4 jẹ́ ọ̀kan nínú oríṣi jíìnì APOE. Kì í fà á ní tààrà, ó ń mú kí ewu rẹ̀ pọ̀ sí i ni. Lára àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù, ẹni tó ní ẹ̀dà kan ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ewu. Ẹni tó ní méjì lè ní ìlọ́po mẹ́jọ sí méjìlá. APOE2, oríṣi mìíràn, ní tirẹ̀ ń dín ewu kù. Àmọ́ ìṣirò yìí kò rí bákan náà fún gbogbo ẹ̀yà. Ìwádìí tí wọ́n ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín àwọn àgbàlagbà Ìbàdàn àti àwọn adúláwọ̀ Indianapolis fi hàn pé ọwọ́ APOE4 kò le lára àwọn ti Ìbàdàn tó bó ṣe le lára àwọn mìíràn. Ẹni tó bá fi ìṣirò àwọn aláwọ̀ funfun dẹ́rù ba ara rẹ̀ ti kánjú.

Ní ti àyẹ̀wò, bí kò bá sí ìpinnu kan pàtó tí èsì rẹ̀ máa yí padà, mi ò rí ohun tó ń lé yín. Ibi tó ti wúlò ni bí dókítà bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń fọ amyloid, tàbí bí ẹ bá fẹ́ wọ inú ìdánwò ìtọ́jú kan tó jẹ́ ẹlẹ́dà méjì APOE4 ni wọ́n ń wá.

Kí ló wà lọ́wọ́ wa nísinsìnyí, láì dúró de jíìnì?

Ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ sọ ní 2024 pé nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún àrùn ìṣarán ló so mọ́ nǹkan 14 tí a lè ṣe nǹkan sí. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, sìgá, ọ̀rá búburú nínú ẹ̀jẹ̀, ìdánìkanwà àti kí orí máa fara gbọgbẹ́ wà lára wọn. Èyí tí wọ́n máa ń fojú fò jù ni etí dídi. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kò ní ìyì ìtọ́jú jíìnì, àmọ́ ó ti wà lórí àtẹ.

Kí ni ìtọ́jú jíìnì túmọ̀ sí?

Dípò kí wọ́n fún aláìsàn ní oògùn tó máa tán lára lálẹ́, wọ́n á fi ìlànà iṣẹ́ ránṣẹ́ sínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kí sẹ́ẹ̀lì náà lè máa ṣe oògùn náà fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ jíìnì tó pé tí wọ́n ń fi kún èyí tó bàjẹ́. Ó lè jẹ́ ègé RNA kékeré, èròjà tó jọ DNA, tó ń pa jíìnì aburú lẹ́nu mọ́. Ó sì lè jẹ́ jíìnì tí kò kan àléébù aláìsàn rárá, bí èyí tó ń ṣe èròjà tó ń gbé sẹ́ẹ̀lì tó ń kú lọ ró.

Ẹ má ṣe kó o pọ̀ mọ́ àwọn oògùn bíi tofersen, tí FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí ní 2023 fún irú àrùn ALS kan, àrùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ń darí iṣan, tí jíìnì SOD1 ń fà. Ìyẹn náà ń dá jíìnì lẹ́kun, àmọ́ léraléra ni wọ́n ń gún un sínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá dá a dúró, iṣẹ́ rẹ̀ á tán díẹ̀díẹ̀.

Wọ́n ní fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n ń lò. Ṣé kò ní kó àrùn ràn mí?

AAV ni wọ́n ń lò jù fún ọpọlọ. Fáírọ́ọ̀sì tíntín ni, kò ju nǹkan bí nánómítà 25 lọ, a kò sì mọ àrùn kan tó ń fà fún ènìyàn. Wọ́n á kó jíìnì tirẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á fi èyí tí wọ́n fẹ́ gbé lọ rọ́pò rẹ̀, nítorí náà kò lè bí sí i. DNA tó bá gbé wọlé sábà máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kúrómósóòmù láì wọ inú rẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń pín, á máa pòórá díẹ̀díẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó ń ronú nínú ọpọlọ kì í pín, torí náà ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Wàhálà rẹ̀ méjì. Inú rẹ̀ há: kò gbà ju nǹkan bí lẹ́tà DNA 4,700 lọ, bẹ́ẹ̀ jíìnì huntingtin nìkan lé ní 9,000. Ìkejì, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bá AAV pàdé rí láì mọ̀, ara wọn sì ti ní ohun tó ń bá a jà. Àwọn bẹ́ẹ̀ kì í sábà rí àyè wọ inú ìdánwò tí wọ́n ti ń gba iṣan ẹ̀jẹ̀ fún un.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé e dé inú ọpọlọ?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kí ẹ máa kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni tó bá mú ìròyìn ayọ̀ wá. Ó ti pẹ́ tí a ti mọ ọ̀pọ̀ jíìnì tó yẹ ká fi ránṣẹ́. Dídé ibẹ̀ ni kò rọrùn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó fún mọ́ra tẹ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú ọpọlọ, wọn kì í sì jẹ́ kí ohun àjèjì kọjá. AAV9, irú AAV kan, tí wọ́n gbà láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lè ráyè wọlé lára ọmọ ọwọ́. Lára àgbàlagbà, ìwọ̀n tí wọ́n máa nílò pọ̀ débi pé ẹ̀dọ̀ lè kọ́kọ́ bàjẹ́.

Nítorí náà àwọn kan ń gún un sínú omi tó yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká, láti ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn tàbí láti ìpàkọ́. Ó máa ń tàn, àmọ́ ojú òde ọpọlọ ló ń kàn jù, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú lọ́hùn-ún.

Ọ̀nà tó ṣe tààrà jù ni iṣẹ́ abẹ. Wọ́n á de orí aláìsàn mọ́ férémù kó má mira, wọ́n á lu ihò kékeré sí agbárí, wọ́n á sì ki ọ̀pá tín-ínrín kan bọ inú ọpọlọ títí á fi kan ibi tí wọ́n ń wá. Wọn kì í tú u dà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tì í, ìwọ̀n máíkírólítà bíi mélòó kan ní ìṣẹ́jú kan, torí bó bá yára jù, á gba ara ọ̀pá náà sẹ́yìn sá jáde. Wọ́n máa ń po èròjà tó ń hàn lójú MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, mọ́ ọn, kí dókítà lè máa wo bó ṣe ń rìn nínú ọpọlọ níṣojú rẹ̀. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, kó sì jẹ́ pé gbogbo ibi tó rin kò ju èso àgbálùmọ̀ lọ.

Ìyẹn ló mú kí gbogbo ojú wà lára àwọn AAV tuntun tí wọ́n tún èèpo wọn ṣe. Ní 2016, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Caltech ní Amẹ́ríkà ṣe ọ̀kan tí wọ́n pè ní PHP.B, tó gba iṣan wọ ọpọlọ eku lọ bí ẹni wọ ilé bàbá rẹ̀. Ìdùnnú ṣubú layọ̀, títí wọ́n fi rí i pé oríṣi eku díẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́: LY6A, pùrótéènì kan tó wà lára ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn, ló ń di ọwọ́ rẹ̀ mú wọlé, ènìyàn kò sì ní in. Ní 2024, Broad Institute, ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, fi èyí tó ń di pùrótéènì ti ènìyàn mú hàn, ìyẹn TfR1, tó máa ń gbé irin wọ ọpọlọ. Bí ọ̀kan nínú irú ìwọ̀nyí bá ṣiṣẹ́ lára ènìyàn, lílu agbárí lè di ohun àtijọ́.

Ṣé ìtọ́jú jíìnì ti ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni rí nínú ọ̀rọ̀ ọpọlọ àti iṣan?

Ó ti ṣiṣẹ́, àmọ́ ọmọdé ló jàǹfààní jù. Ní 2019, FDA fọwọ́ sí Zolgensma fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n ní àrùn SMA, tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ń darí iṣan. Owó rẹ̀ nígbà náà lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là. Ní oṣù kọkànlá 2024, wọ́n fọwọ́ sí Kebilidi fún àìsàn AADC, tí kì í jẹ́ kí ọpọlọ ọmọ lè pèsè dopamine, òun sì ni ìtọ́jú jíìnì àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà láyè ní Amẹ́ríkà láti gún sínú ọpọlọ ní tààrà. Àwọn ọmọ tí kò lè gbé orí dúró ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó.

Lára àgbàlagbà, ìròyìn tó dún jù ni ti Huntington. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, ilé iṣẹ́ uniQure kéde pé lára àwọn tó gba ìwọ̀n ńlá ìtọ́jú jíìnì AMT-130, àrùn náà fi ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún falẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta. Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Àmọ́ àwọn tó ti pé ọdún mẹ́ta nínú wọn kò ju 12 lọ, àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn mìíràn ni wọ́n sì fi wé wọn, kì í ṣe àwọn tí wọ́n jọ wọ inú ìdánwò pọ̀. FDA náà ti kọminú sí ìyẹn.

Ẹ wò ó dáadáa: àrùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, jíìnì kan ṣoṣo ló ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Alzheimer ti ọ̀pọ̀ jù lọ kò rí bẹ́ẹ̀.

Alzheimer wá ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbìyànjú?

Wọ́n ti gbìyànjú láti 2001, ní University of California San Diego, lábẹ́ Mark Tuszynski. NGF ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, èròjà kan tó ń gbé àwọn sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ ọpọlọ tó jẹ mọ́ ìrántí ró. Ìgbà tó yá, wọ́n kó NGF sínú AAV, wọ́n sì ṣe ìdánwò tó péye lára ènìyàn 49: wọ́n fún àwọn kan, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ lásán, láì fi jíìnì kankan sí i, fún àwọn yòókù. Èsì tó jáde ní 2018 kò fi ìyàtọ̀ kankan hàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé NGF ti kú nìyẹn.

Àmọ́ nígbà tí wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn tó ti kú nínú wọn wò, wọ́n rí i pé jíìnì náà ń ṣiṣẹ́ níbi tó balẹ̀ sí, àmọ́ ibi tó balẹ̀ sí kì í ṣe ibi tí wọ́n rán an. Kò tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó gbé ró. Ìdánwò náà kò wá lè sọ bóyá NGF dára tàbí kò dára. Ohun tó fi hàn ni pé wọ́n gún un síbi tí kì í ṣe ibẹ̀, láì sí MRI tó ń fi ibi tó ń lọ hàn wọ́n. Àwọn kan náà ti wá ń dán èròjà mìíràn, BDNF, wò, wọ́n sì ń fi MRI tọ́ ọ sọ́nà lọ́tẹ̀ yìí.

Ọ̀nà mìíràn ni ti LX1001: wọ́n ń fi jíìnì APOE2 sínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn àwọn tó ní ẹ̀dà APOE4 méjì. Pùrótéènì APOE2 ti fara hàn nínú omi náà. Bóyá ó ń dá ìgbàgbé dúró, ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ kéré jù láti sọ ìyẹn.

Ti Parkinson ńkọ́?

Ó yẹ kó rọrùn díẹ̀, torí ibi tí ìjàǹbá ti ń ṣẹlẹ̀ kéré, a sì mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ ìdánwò méjì pẹ̀lú jíìnì neurturin, èròjà kan tó ń gbé sẹ́ẹ̀lì ró, kùnà. Lára ìdí tí wọ́n fura sí ni pé àwọn aláìsàn náà ti pẹ́ lẹ́nu àrùn, okùn àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó gbé èròjà náà ti já. Ní báyìí, GDNF, èròjà mìíràn bíi tirẹ̀, ni wọ́n ń fún àwọn tí àrùn wọn kò tíì jinlẹ̀.

Ṣé Leqembi jẹ́ ìtọ́jú jíìnì?

Rárá. Oògùn Alzheimer ni, èròjà tó ń lẹ̀ mọ́ amyloid kí ara lè kó o dànù, wọ́n sì ń fà á sínú iṣan déédéé. Nínú ìdánwò rẹ̀ fún oṣù 18, ó fi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún dín bí àrùn ṣe ń yára kù. Ó lè mú kí ọpọlọ wú tàbí kí ẹ̀jẹ̀ ṣẹ́ sínú rẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ní ẹ̀dà APOE4 méjì.

Kí ló dé tí wọn kò kàn fi CRISPR gé jíìnì burúkú náà kúrò?

CRISPR, ìlànà tí wọ́n fi ń gé DNA bí ẹni fi ọ̀bẹ gé nǹkan, ti gba òǹtẹ̀ fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ní 2023, àmọ́ níta ara ni wọ́n ti ń ṣe ìyẹn: wọ́n á kó sẹ́ẹ̀lì jáde, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á tó dá a padà. Kò sẹ́ni tó lè kó ọpọlọ jáde lọ tún ṣe.

Yàtọ̀ síyẹn, Cas9, ọ̀bẹ CRISPR tí wọ́n ń lò jù, fẹ́rẹ̀ẹ́ kún inú AAV tán fúnra rẹ̀. Èyí tó sì ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ohun tó mú AAV dára fún ọpọlọ ló mú un burú fún ọ̀bẹ yìí. Àǹfààní ni kí jíìnì tó ń ṣe oògùn wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ọ̀bẹ tó ń gé DNA fún ọdún mẹ́wàá lè gé ohun tí a kò rán an. Àwọn kan ti ń wá èyí tó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó sì pòórá.

Kí ló dé tí gbogbo rẹ̀ ń wo eku sàn, tí kì í wo ènìyàn sàn?

Torí pé eku kì í ní Alzheimer. Wọ́n fi jíìnì aburú ti ènìyàn sí i lára kó lè ní amyloid ni, nítorí náà ohun tí wọ́n wò sàn ni ohun tí wọ́n fọwọ́ ara wọn fà. Ọpọlọ rẹ̀ kò pé gíráàmù kan. Ti ènìyàn tó 1,300. Bí ìròyìn bá ní “ó dá ìrántí padà”, ẹ wo ìlà kejì kí ẹ mọ ta ni wọ́n dá a padà fún.

Bí kò bá bá mi lára mu, ṣé wọ́n lè yọ ọ́ kúrò?

Wọn kò lè yọ ọ́. Ìyàtọ̀ ńlá tó wà láàárín rẹ̀ àti oògùn nìyẹn. Ní 1999, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan kú nínú ìdánwò kan ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ara rẹ̀ gbógun ti fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n fún un. Irú fáírọ́ọ̀sì mìíràn nìyẹn, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì ń tọ́jú, àmọ́ ó fa gbogbo iṣẹ́ yìí sẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Pẹ̀lú AAV, ẹ̀dọ̀ àti àwọn ìdì iṣan ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n ń ṣọ́ jù.

Ṣé àwọn ọmọ mi máa jogún ohun tí wọ́n fi sí mi lọ́pọlọ?

Rárá. Ọpọlọ kọ́ la fi ń bímọ.

Ilé ìtọ́jú kan ń polówó jíìnì tó ń sọ àgbà di ọ̀dọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Kò tíì sí àjọ ìjọba tó fọwọ́ sí irú rẹ̀ fún ogbó níbikíbi. Bí wọ́n bá gba owó lọ́wọ́ yín kí ẹ tó wọ inú “ìdánwò”, ẹ dìde níbẹ̀. Àwọn ìdánwò gidi kì í sábà ta ìtọ́jú náà fún àwọn tí wọ́n ń fi í dán wò. Ẹ bi wọ́n léèrè irú AAV tí wọ́n ń lò, ìwọ̀n rẹ̀, ẹni tó ṣe é àti ibi tí wọ́n ti fi èsì rẹ̀ síta. Bó bá jẹ́ fídíò àwọn tí inú wọn dùn ni wọ́n ń fi hàn yín, ẹ ti rí ìdáhùn.

Ṣé ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí ọpọlọ arúgbó padà di ti ọ̀dọ́?

Ó ní ohun tó ń mú ni retí. Ní 2006, Shinya Yamanaka ní Jàpáánù fi hàn pé èròjà mẹ́rin lè dá sẹ́ẹ̀lì àgbà padà sí bó ṣe rí nígbà tó wà nínú oyún. Ó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2012. Ní 2020, àwọn olùwádìí ní Harvard fi mẹ́ta nínú wọn ránṣẹ́ sínú ojú eku pẹ̀lú AAV, iṣan ojú tó ti bàjẹ́ hù padà, eku arúgbó sì ríran dáadáa sí i. Wọ́n yọ ìkẹrin torí pé ó ń fa jẹjẹrẹ.

Ìṣòro rẹ̀ ni ibi tó yẹ kí wọ́n dúró. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá dá padà ré kọjá ààlà á gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Nínú ọpọlọ, ìrántí wà nínú bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ṣe so mọ́ra wọn. Èrè wo ló wà nínú ọpọlọ tuntun tí kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́? Mi ò sọ pé ó máa rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìbéèrè tí mo máa kọ́kọ́ bi wọ́n nìyẹn.

Ìgbà wo ló yẹ kí wọ́n fún ènìyàn: kó tó ṣarán ni, àbí lẹ́yìn rẹ̀?

Bó bá jẹ́ ti sáyẹ́ǹsì nìkan, kó tó ṣarán ni. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú kò ní jí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wá p-tau217, irú tau kan, sì ti ń jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tí amyloid ti wà ní ọpọlọ rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2025, FDA gba irú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ láyè fún ìgbà àkọ́kọ́, fún àwọn tí ìgbàgbé ti ń yọ lẹ́nu.

Àmọ́ ẹni tí ara rẹ̀ le ni ẹ fẹ́ fún ní ohun tí kò ṣeé yọ, nítorí àrùn tó lè má mú un títí á fi kú. Àwọn sista Kátólíìkì tí mo mẹ́nu kàn lókè ni ẹ̀rí. Lójú tèmi, àwọn tó ní àléébù PSEN1 àti àwọn bíi tiwọn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé àrùn ń bọ̀ wá bá, ló yẹ kó kọ́kọ́ ní àǹfààní láti yàn án, bí wọ́n bá fẹ́. Ti APOE4 kò dájú tó bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní yára.

Wọ́n fún bàbá wa láyè nínú ìdánwò kan. Kí ni ká bi wọ́n kí bàbá tó fọwọ́ sí ìwé?

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá gbígba èyí máa ti ilẹ̀kùn mọ́ òmíràn. Lẹ́yìn AAV kan, ara bàbá á ti mọ̀ ọ́n, ó sì lè lé èyí tó sàn jù lọ tó bá dé lọ́dún márùn-ún sí i. Ọ̀pọ̀ ìdánwò kì í tilẹ̀ gba ẹni tó ti gba ìtọ́jú jíìnì rí. Ẹ bèèrè ọdún tí wọ́n máa fi tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹni tó máa sanwó bí nǹkan bá ṣe é, àti ẹni tó máa ṣèpinnu fún un bí iyè rẹ̀ bá rà kó tó parí.

Wọ́n tún lè bi yín bóyá ẹ gbà kí wọ́n yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò tó bá kú. Ọ̀pọ̀ ẹbí kì í fẹ́ gbọ́ ọ, àmọ́ ìyẹn nìkan ló fi ibi tí NGF bọ́ sí hàn. Ẹ jẹ́ kí bàbá fúnra wọn dáhùn nígbà tí ojú wọn ṣì mọ́lẹ̀, kí gbogbo ọmọ sì gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, torí wọ́n máa ń fẹ́ gbé ọpọlọ náà láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn ikú, kò sì ní sí àyè fún ìpàdé ẹbí nígbà yẹn.